Ṣé Fiesta ST bá ojú ọ̀nà Snake Pass mu? Èsì mi fún nọ́ọ̀sì kan ní Glossop

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, Glossop nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé, ilé ìwòsàn kan ní Sheffield ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà A57 tí wọ́n ń pè ní Snake Pass ni mò ń gbà lọ, òun náà ni mò ń gbà bọ̀, ìgbà mìíràn lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Mọ́tò tí mò ń wà ti gbó. Mo ti rí Ford Fiesta ST ọdún 2019 kan, ọkàn mi sì fà sí i. Ọkọ mi ní mọ́tò ìpátá ni, pé á máa já sítíárìn gbà lọ́wọ́ mi, ọmọ wa ọmọ ọdún mẹ́ta ò sì ní rí oorun sùn lẹ́yìn. Polo GTI òtòmátíìkì ni òun fẹ́ kí n rà. Ta ló tọ̀nà nínú àwa méjèèjì? Tí mo bá sì lò ó tán, ṣé mo lè fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ọkùnrin n'Ìbàdàn?

Èsì: Àbúrò mi, kú iṣẹ́ òru o. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà.

Kí n tètè sọ ibi tí mo fì sí. Tó bá jẹ́ pé Snake Pass lò ń gbà lóòótọ́, tí kì í ṣe márosẹ̀, ra Fiesta ST, ṣùgbọ́n yẹ èyí tí o rí yẹn wò dáadáa, má sì rà á nítorí eré. Ọkọ rẹ ò parọ́ nínú ohun tó sọ. Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ni pé ó ka gbogbo àléébù ọkọ̀ náà sí ìwà ìpátá, bẹ́ẹ̀ ohun tó mú un le lára yẹn náà ló mú un dùn ní kọ́nà. Kò sí bí a ṣe lè mú ọ̀kan ká fi èkejì sílẹ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ eré kúrò nílẹ̀. Ford kọ ọ́ pé láti ìdúró, eré ọkọ̀ náà á dé máìlì 62 ní wákàtí kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 6.5, eré rẹ̀ sì lè wọ máìlì 144. Ó dáa fún ẹni tó fẹ́ fi yangàn. Lójú ọ̀nà tìrẹ, máìlì 50 ni òfin gbà, àwọn àgùntàn orí òkè yẹn ò sì gbọ́ ti òfin kankan. Ọ̀pọ̀ mọ́tò alágbára ló jẹ́ pé tí o bá ń wà wọ́n ní máìlì 45, oorun ló kù kó gbé ọ lọ. Ibi tí wọ́n ti ń dùn jìnnà sí ibi tí ọlọ́pàá gbà fún ọ. Ti èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Ní máìlì 45 ló ti ń bá ọ sọ̀rọ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn tó ń gba ọ̀nà òkè lójoojúmọ́ pé kí wọ́n wò ó.

Ronú sí ìgbà tí o bá ti gun orí òkè tán, tí ò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́nà adágún omi Ladybower. O mọ ibi tí pápá gbalasa ti parí tí igi páìnì bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀nà yí sí òsì, tó tún yí sí ọ̀tún, tí omi òkè sì máa ń ṣàn kọjá lórí ọ̀dà. Nínú mọ́tò lásán, wàá yí sítíárìn, wàá dúró de imú mọ́tò kó tẹ̀lé ọ, wàá rí i pé kò tó, wàá fi kún un, wàá tún dín in kù. Nínú ST, o yí ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ péré, imú ọkọ̀ ti wọ kọ́nà. Wọ́n mú sítíárìn rẹ̀ yá: bí o bá yí i ní digírì 12, táyà iwájú á yí digírì kan. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò ilé, á tó digírì 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí táyà tó yí iye kan náà. Ní tìrẹ, ọwọ́ rẹ méjèèjì á dúró síbi tó wà láti òkè dé ìsàlẹ̀, o ò ní máa gbé ọwọ́ kan kọjá lórí èkejì. Ẹni tó bá ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ ló máa mọ rírì ìyẹn.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ló wá yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ wà á. Irin kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, irú ètò olówó pọ́ọ́kú tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò kékeré, èyí tó máa ń jẹ́ kí ìdí mọ́tò ṣe lẹ́gẹlẹ̀gẹ tí kọ́nà bá mú. Ohun tí Ford ṣe ni pé wọ́n tẹ sípíríǹgì ẹ̀yìn, kò dúró gbọọrọ bíi ti àwọn yòókù. Bí ẹrù ọkọ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè, ó tún ń ti táyà láti ẹ̀gbẹ́, nítorí náà ìdí ọkọ̀ kì í rìn gbéregbère. Ìwọ ò ní rí sípíríǹgì yẹn láé àfi tí mẹkáníìkì bá gbé ọkọ̀ sókè, ṣùgbọ́n ìdí rẹ á gbọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ní kọ́nà tó bá ká gan-an, táyà ẹ̀yìn tó wà lápá inú kọ́nà á tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè kúrò nílẹ̀, bí ajá tó fẹ́ tọ̀ sára ògiri. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ á rí i, á máa pariwo. Kò sí ewu níbẹ̀. Mẹ́ta tó kù ló ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí ewu wà ni mo fẹ́ kó o fetí sí. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ fẹ́ràn láti bá imú yí báyìí, kò fẹ́ kí awakọ̀ já ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lójijì ní àárín kọ́nà. Tí o bá wọ kọ́nà pẹ̀lú eré tó pọ̀ jù, tí ẹ̀rù bà ọ́, tí o sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ìwúwo ọkọ̀ á ṣubú síwájú, ẹ̀yìn á fúyẹ́, á sì fẹ́ yí gba iwájú lọ. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkọ̀ kó má yọ̀ á tètè mú un tí o bá fi ọkọ̀ sí Normal tàbí Sport, méjì nínú ètò ìwakọ̀ mẹ́ta tó ní. Ti Track, èyí kẹta, á sọ ìjánu ẹ̀rọ yẹn di dẹ̀ẹ́rẹ̀. Pápá eré ìje ni wọ́n ṣe é fún. Má fọwọ́ kàn án lórí Snake Pass, ìbáà jẹ́ pé ìwọ nìkan lo wà lójú ọ̀nà. Ní àárọ̀ tí o bá ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, Normal ti tó.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ sítíárìn tí ọkọ rẹ sọ. Táyà iwájú ló ń fa ọkọ̀ yìí, àwọn náà ló sì ń darí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yẹn ní agbára ẹṣin 200, ó sì ní tọ́ọ̀kì, ìyẹn agbára tó fi ń yí táyà, Nm 290 tó ti ń jáde láti ìyípo ẹ́ńjìnnì 1,600 ní ìṣẹ́jú kan lọ. Tí o bá tẹ iná mọ́ ọn ní jíà kejì, tọ́bò á gbà á, sítíárìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí jà díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, pàápàá níbi tí ọ̀dà bá ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mi ò lè sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n jíjà ni, kì í ṣe jíjágbà. Di sítíárìn mú bó ṣe yẹ, kò sí ibi tó máa lọ. Láti jíà kẹta sókè, o ò ní rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ohun kan wà tó yí bó ṣe ń jà padà. Nígbà tí ọkọ̀ náà jáde lọ́dún 2018, ẹni tó bá fẹ́ lè fi owó kún un kí wọ́n bá a fi Performance Pack sí i. Ohun pàtàkì inú rẹ̀ ni differential, ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún táyà iwájú méjèèjì, tí ilé iṣẹ́ Quaife ń ṣe, jíà onírin lásán, kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Tí táyà iwájú kan bá fẹ́ yí lófo, agbára á lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì tó di ilẹ̀ mú. Bí o bá ń jáde láti kọ́nà tí ilẹ̀ tutù, tí o rọra tẹ iná, dípò kí imú ọkọ̀ máa sá lọ síta, ńṣe ló máa fa ara rẹ̀ padà sínú. Ìgbà àkọ́kọ́ tó o bá gbọ́ ọ, wàá rò pé ẹnìkan ń fi okùn fà á. Àmọ́ òun náà ló ń jẹ́ kí sítíárìn jà ju ti èyí tí kò ní in lọ nígbà tí o bá tẹ iná pátápátá lórí ọ̀nà gbágungbàgun. Èmi á mú èyí tó ní in, nítorí òjò Derbyshire. Kò sí àmì kankan lára ọkọ̀ tó máa sọ fún ọ bóyá ó wà níbẹ̀. Tan ọkọ̀ náà, lọ sínú àwọn ètò tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí o wá Launch Control, ètò tó ń bá awakọ̀ gbéra pẹ̀lú eré. Tó bá wà, Performance Pack wà, nítorí inú àpò kan náà ni wọ́n ti ń tà wọ́n. Òǹtajà tó ń búra láìtan ọkọ̀, má gbà á gbọ́.

Ẹ́ńjìnnì náà kò ju sílíńdà mẹ́ta lọ, lítà 1.5. Àwọn tó fẹ́ràn Fiesta ST ti tẹ́lẹ̀, èyí tó ní sílíńdà mẹ́rin, lítà 1.6, bú u kí wọ́n tó wà á, lẹ́yìn náà ni wọ́n dákẹ́. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó ń kùn, ó sì máa ń ta pọ́ọ́ láti ẹ̀yìn tí o bá já ẹsẹ̀ nínú Sport. Díẹ̀ nínú ohùn yẹn, ẹ̀rọ ló ń fi kún un láti inú sípíkà. Kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí láti má ra ọkọ̀. Nígbà tó o bá ń rìn jẹ́jẹ́, sílíńdà kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sùn láti fi epo pamọ́, o ò sì ní mọ̀ ọ́n. Tí o bá wà á bí ọmọlúàbí, á rin nǹkan bíi máìlì 40 lórí gálọ́ọ̀nù kan. Jíà mẹ́fà, mánúà ni, kò sí òtòmátíìkì rárá. Bí ẹ bá ń lọ sí Manchester ní Sátidé, tí gósílò Mottram bá mú yín, ẹsẹ̀ òsì rẹ ló máa jẹ́rìí sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò le.

Ọmọ ńkọ́? Ibí yìí ni ọkọ rẹ ti jàre jù. Ọkọ̀ yìí le. Wọ́n sé e mọ́lẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ le, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í gba ìgbàkugbà. Lórí ọ̀nà gbọọrọ tó ń lọ sókè, tí o bá ń rìn ní máìlì 50, ara rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀. Láàárín ìlú ní máìlì 20, gbogbo ihò àti ìdérí gọ́tà ni á kà fún ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ríìmù ìnṣì 18 ló burú jù. Ìnṣì 17 tó wà lára ST-1 àti ST-2, àwọn ìpele tí owó wọn kéré jù, ní rọ́bà tó nípọn díẹ̀ sí i, mo sì gbà ọ́ nímọ̀ràn pé òun ni kó o wá. Ìyàtọ̀ ní kọ́nà ò tó nǹkan, ìyàtọ̀ lára ọmọ pọ̀. Rí i dájú pé onílẹ̀kùn márùn-ún ni. Onílẹ̀kùn mẹ́ta rẹwà, ṣùgbọ́n gbígbé ọmọ tó ti sùn sínú ìjókòó rẹ̀ gba àárín yẹn, ẹ̀yìn rẹ ni wàá fi san án, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì sì ti ń gbé aláìsàn tó. Ìjókòó Recaro iwájú dì mọ́ ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Kí ọkọ rẹ náà jókòó sí i kí ẹ tó sanwó. Tó bá síngbọnlẹ̀ lápá ẹ̀gbẹ́, á kígbe.

Àléébù kan tí àwọn tó ń yìn ín kì í sọ: kò lè yí po níbi tóóró. Ó gbà ju ààyè tí Fiesta lásán nílò lọ kó tó yí padà. Níbi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwòsàn, níbi tí ẹ ti ń fún ara yín pọ̀, wàá máa lọ síwájú, wàá máa bọ̀ sẹ́yìn, àwọn mìíràn á sì máa wò ọ́ bíi pé o ò mọ mọ́tò wà. Ó ń bí mi nínú títí di òní.

Polo GTI tí ọkọ rẹ ń sọ, lítà 2.0, agbára ẹṣin 200 bíi ti Fiesta, mọ́tò gidi ni. Ó dákẹ́, inú rẹ̀ fẹ̀, jíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀ láìsí ìjà, ọmọ á sùn. Ká ní M1 lò ń gbà lọ sí Leeds lójoojúmọ́ ni, mi ò bá ti parí lẹ́tà yìí ní ìlà méjì: gbọ́rọ̀ sí ọkọ rẹ lẹ́nu. Lórí Snake Pass, Polo á ṣe gbogbo ohun tó o bá ní kó ṣe, á sì ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní sọ ohunkóhun fún ọ. Ó gbé ọ, o dé. Mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀nà jínjìn lọ ilé nítorí pé Polo GTI ló ń wà. Hyundai i20 N, tó jáde lọ́dún 2021, ló sún mọ́ Fiesta jù nínú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, àmọ́ òun náà le lára, kò ní yanjú ẹjọ́ tó wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju Polo tàbí Fiesta lọ fún ọ ni táyà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ST yìí wá pẹ̀lú Michelin ìgbà ẹ̀rùn, rọ́bà tó ń di ilẹ̀ mú bí àlẹ̀mọ́ tí oòrùn bá ràn. Nígbà tí òtútù bá já wá sí digírì 7, rọ́bà yẹn á le. Nígbà tí yìnyín bá bọ́, kò yàtọ̀ sí pátákó. Ìwọ tí ò ń gba orí òkè kọjá ní aago mẹ́fà àárọ̀ ní oṣù kìíní, o ò gbọdọ̀ lò ó. Ra táyà ìgbà òtútù, tàbí èyí tó wà fún gbogbo ìgbà, 205/45 R17. Ìdí mìíràn tún nìyẹn tí ríìmù ìnṣì 17 fi dáa. Bẹ́ẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ wọn ò ní sípíà táyà nínú búùtù. Ike oje tí wọ́n ń fún sínú táyà ni wọ́n fi síbẹ̀, kò sì wúlò tí ẹ̀gbẹ́ táyà bá ya. Orí òkè yẹn, o mọ̀ pé fóònù kì í mú níbi gbogbo. Má sì gbàgbé pé ìjì oṣù kejì ọdún 2022 mú kí ilẹ̀ yà lábẹ́ ọ̀nà náà tí wọ́n fi tì í pa. Ní àwọn ibi tó ti sún yẹn, ọ̀dà lè wó lulẹ̀ lójijì lábẹ́ táyà, ọkọ̀ tó sé mọ́lẹ̀ á sì gbọ́ ọ. Rọra níbẹ̀.

Nípa ti ọdún 2019 tí o rí: wo ríìmù rẹ̀ yíká, pàápàá tòsì iwájú, bóyá ó ti fi gbá etí títì. Fi ọwọ́ pa inú táyà iwájú lápá tí ojú ò rí, bóyá ibẹ̀ ti jẹ ju ìta lọ. Wà á lójú ọ̀nà tí kò dáa, má jẹ́ kí òǹtajà mú ọ lọ sí ibi tó ń dán. Ní jíà kẹrin, láti nǹkan bí ìyípo 2,000, tẹ iná dáadáa. Bí ìyípo ẹ́ńjìnnì bá fò sókè tí eré ò bá a lọ, kílọ́ọ̀ṣì ti parí. Bèèrè tààrà bóyá wọ́n ti tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe láti fi kún agbára rẹ̀. Irú ọkọ̀ yìí, ó máa ń wu àwọn ọ̀dọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣe é, tí ìwọ ò sì sọ fún ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ráńsì rẹ, ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ wọ́n lè sọ pé àwọn ò mọ̀ ọ́ rí. Fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ tí ìwé sáfíìsì rẹ̀ bá ní àlàfo. Má jẹ́ kí wọ́n fi ìkánjú mú ọ torí pé Ford ò ṣe Fiesta mọ́. Oṣù keje ọdún 2023 ni wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Cologne ní Jámánì lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti 2009 títí di 2020 kò sí mọ́tò tí wọ́n tà tó o ní Bìrìtìkó. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ò ní wọ́n láìpẹ́.

Ó ku ti àbúrò rẹ n'Ìbàdàn. Rárá o. Apá ọ̀tún ni sítíárìn tìrẹ wà, láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà sì ti kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Òfin ìrìnnà ibẹ̀ ò gba irú sítíárìn yẹn láyè. Lò ó tán, tà á síbí, fi owó ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ ST ló wu òun náà, ti Amẹ́ríkà ni kó máa wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀: àwọn tí wọ́n tà níbẹ̀ láti ọdún 2014 sí 2019, lítà 1.6, ilẹ̀kùn márùn-ún, sítíárìn lápá òsì. Ṣùgbọ́n kó wọn rọ́bà táyà rẹ̀ wò ná, 205/40 lórí ríìmù ìnṣì 17. Gálọ́ọ̀pù kan péré ti tó láti tẹ ríìmù yẹn, fọkanáísà ò sì ní ríi tún ṣe. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà Ìwó Road sí Olódó ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́, kó fi ọkàn balẹ̀ ra Corolla.